Ìrìn-àjò Tí Olúdọ̀tun Kò Lọ

Ọ̀lẹ tó fẹ́ràn èrè ni Olúdọ̀tun. Ohun tí kò ṣe ló máa ń fẹ́ gba ìyìn rẹ̀, ibi tí kò dé ló sì máa ń fẹ́ ròyìn rẹ̀. Ìwà yìí ti mọ́ ọn lára kó tó di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, kò sì sí ẹni tó bá a wí, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn.

Lọ́dọọdún ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà máa ń rán olùkọ́ kan lọ sí àpérò ní ilẹ̀ òkèèrè. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń kó owó bàálù, owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó oúnjẹ lé e lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju kí ẹni tó lọ kó rìsíìtì rẹ̀ wá, kó sì ròyìn ohun tó rí. Lọ́dún tó kọjá, Nàìróbì ni àpérò náà bọ́ sí, Olúdọ̀tun ni wọ́n sì yàn. Bánkẹ́, akọ̀wé tó ń ṣètò ìrìn-àjò àwọn òṣìṣẹ́, kìlọ̀ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ àjákù ìwé tí wọ́n bá fún yín lẹ́nu bàálù nù o. Òun ni mo fi ń mọ̀ pé èèyàn lọ."

"Ìwọ Bánkẹ́ yìí, o kúkú ń ṣe bí aṣọ́bodè. Àbí o rò pé Akaka tó wà nítòsí yìí ni mò ń lọ?"

Bánkẹ́ rẹ́rìn-ín. Akaka gan-an ni Olúdọ̀tun ń lọ. Ó ti rí ọkùnrin kan ní Ògijò tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ayédèrú rìsíìtì àti tíkẹ́ẹ̀tì. Yóò fara pamọ́ fún ọjọ́ méje sí ilé oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn Akaka, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí mọ́. Owó náà ni yóò fi kan òrùlé ilé tó ń kọ́.

Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún òun. Nínú ìdílé Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwọn, èèyàn kì í lọ sí òkè òkun láìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, àlùfáà pè é jáde. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí.

"Olúwa, Olúdọ̀tun tí mo bí ń lọ sí Nàìróbì. Jẹ́ kó lọ. Jẹ́ kó dé ibẹ̀. Jẹ́ kó padà wá bá wa nílé."

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Olúdọ̀tun náà ṣe é, ó tún dijú. Nígbà tó dìde, ara rẹ̀ fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò kà á sí.

Ọjọ́ kejì tó dé oko, Moyọ̀sọ́lá, ìyàwó rẹ̀, pè é lórí fóònù. Ó ń dúpẹ́ àwòrán tó fi ránṣẹ́, ó ní kóòtù aláwọ̀ eérú yẹn yẹ ẹ́. Olúdọ̀tun kò fi àwòrán kankan ránṣẹ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fi àwòrán náà ránṣẹ́ padà sí i, ó rí ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, káàdì orúkọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò ní irú kóòtù bẹ́ẹ̀ rí. Ó pe ọkùnrin Ògijò, ó ní irú àwàdà wo nìyí. Ọkùnrin náà búra pé ìwé lòun ṣe, òun kò ṣe èèyàn.

Lọ́jọ́ kẹta, Bánkẹ́ kọ̀wé sí i pé àwọn ará Nàìróbì ń yin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Olúdọ̀tun wọ Akaka lọ ra gààrí. Obìnrin tó ń tà á kò dáhùn. Nígbà tó tún béèrè, obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá ibi tí ohùn ti ń jáde, kó tó wá rí i.

"Ẹ má bínú," ló wí. "N ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀."

Ọ̀sán gangan ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ẹ̀rù pọ̀ ju owó lọ. Ó pe ìyàwó rẹ̀ láti jẹ́wọ́.

"Moyọ̀, èmi ni."

Ìyàwó rẹ̀ ní nọ́ńbà tí òun kò mọ̀ ló pe òun. "Ẹ̀yin ta ni, sà? Èmi àti ọkọ mi la jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù kejì yìí."

Olúdọ̀tun sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú fóònù kejì, tó ń béèrè pé ta nìyẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ìpè náà.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó sáré jáde sí títì. Àwọn ọlọ́kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń kọjá lára igi. Ẹsẹ̀ ló fi rìn títí dé Ìkẹ́nnẹ́, oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Moyọ̀sọ́lá ló ṣí i. Ó wò ó pẹ̀lú àánú, bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tó ṣìnà. Ó ní ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni, ṣé òun ni wọ́n wá rí. Ọkùnrin tó jáde wá ní ojú Olúdọ̀tun, títí kan àpá kékeré tó wà lágbọ̀n rẹ̀. Kò bínú rárá.

"Èmi ni Olúdọ̀tun," ni ẹni tó wà níta wí.

"Ó dáa, sà. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Olúdọ̀tun lanu. Bó bá ní Nàìróbì, kò lè dárúkọ òpópónà kan níbẹ̀. Bó bá ní Akaka, a jẹ́ pé òun kọ́ ni wọ́n rán níṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró de ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ló rọra ti ilẹ̀kùn.

Olùkọ́ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lónìí tó ń jẹ́ Olúdọ̀tun. Ó ń tètè dé ibi iṣẹ́, ilé rẹ̀ sì tòrò. Lọ́nà oko lẹ́yìn Akaka, àwọn tó ń ru ẹ̀gẹ́ kọjá máa ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń kí wọn lójú ọ̀sán. Wọn kì í rí i. Wọn kì í dá a lóhùn mọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, lọ. Bí o kò bá lè lọ, sọ ọ́, kí wọ́n rán ẹlòmíì. Má jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ gbàdúrà lórí irọ́ rẹ. Owó ìrìn-àjò ṣeé dá padà, ọ̀gá yóò bú ọ, ìtìjú yóò sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣe, díẹ̀díẹ̀ ló ń fi orúkọ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an kò ní mọ ẹni tó ń kànkùn.