Ẹni Tó Máa Sùn sí Erékùṣù

Àpótí kan ṣoṣo ló wà láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjèèjì nínú ọkọ̀ ojú omi, torí pé ẹnì kan péré ló máa sùn sí erékùṣù. Èkejì á bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà.

Àwọn ọmọ wọn ló ṣèpàdé lé e lórí: àgbà tí iyè rẹ̀ ti ń rà kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, ilé ìtọ́jú ló kàn. Ọ̀gá Rélùwéè ò bá wọn jiyàn. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é, àmọ́ kò pọ̀. Ogójì ọdún lòun fi ṣètò àkókò ọkọ̀ ojú irin, kò sí wákàtí tí kò sí lórí òun. Télọ̀ lẹ̀gbọ́n, kò jókòó ní kíláàsì rí. Ibi tí òwú bá já sí ni ọgbọ́n rẹ̀ mọ.

"Kí ló máa gbé wa láti etí omi?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Bọ́ọ̀sì á ti dúró dè wá, àbúrò mi. Ogún ìṣẹ́jú la ó lò nínú ẹ̀."

Àwọn èrò ń jẹ bísíkíìtì. Omi ń gbá ara ọkọ̀.

"Bọ́ọ̀sì á ti dúró dè wá, àbúrò mi," ni Télọ̀ wí. "Ogún ìṣẹ́jú la ó lò nínú ẹ̀."

Ọ̀gá yínmú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ ti sọ ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Òótọ́ ni. Má bínú."

Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, Télọ̀ ti tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ọ̀gá kẹ́gàn obìnrin náà nítorí ẹ̀: àwọn tí kò níṣẹ́ ló ń fi àánú ṣeré.

Nínú bọ́ọ̀sì, Télọ̀ nawọ́ sí bọ́tìnì ẹ̀wù àbúrò rẹ̀. Ọ̀gá gbá ọwọ́ náà dànù. Télọ̀ ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Àbí gbogbo aṣọ tó bá rí ló ṣì fẹ́ tún rán ni?

"Bí mo bá wá wò yín," ni Ọ̀gá wí, "ṣé ẹ máa dá mi mọ̀?"

Télọ̀ kọjú sí fèrèsé. "Èmi ni mo pọ̀n ẹ́ nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́. Mi ò lè gbàgbé ẹ."

Ẹnu dùn ún ròfọ́, ni Ọ̀gá wí nínú ara rẹ̀.

Yàrá náà mọ́, bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, fèrèsé tó kọjú sómi. Ọ̀gá fọwọ́ tẹ tìmùtìmù, ó jókòó lé e, ó ní ó ti dáa jù fún télọ̀.

"Bí àbúrò mi bá bi yín ní nǹkan kan nígbà ogún," ni Télọ̀ rọra sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń fi ẹ̀wù Ọ̀gá kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dá a lóhùn bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ni," ó sì jáde lọ bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́.