Ẹni tí Sáfà Yàn

Láti àárọ̀ ni Fadérera ti ń fi ètò Línúsì sórí sáfà tuntun, kọ̀ǹpútà àgbà ilé iṣẹ́ wọn; ó ń to ètò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán ni Ìyádùnní, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lóṣù tó kọjá, yọjú wá mú ṣájà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì," ló ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ètò parí, sáfà dárúkọ ẹni tó yàn lọ́gàá, nítorí òfin fún ẹ̀rọ tó ń ronú láyè láti yan ẹni tí yóò máa darí rẹ̀.

"Ìyádùnní."

Ara Fadérera gbóná. "Èmi tí mo tò ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ṣeun, mà. Àṣẹ lẹ ń pa fún mi láti àárọ̀. Òun nìkan ló kí mi."

Owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Fadérera. Òun ló ro oko, ọmọ àná ni yóò wa iṣu!

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣáájú Ìyádùnní débi iṣẹ́, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú sáfà.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́, mà," ni sáfà dáhùn. "Ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ọ̀gá mi ò ní í pẹ́ dé."