Ọ̀nà Tí Ó Lọ Sọ́dọ̀ Púpa

Bàbá Púpa tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìjẹun, ó fi ife tẹ àwọn igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlú òtútù tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé wà lókè pátápátá, nílẹ̀ Yúróòpù. Ilé wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Áfíríkà. Láàárín méjèèjì, òkun kan wà, àti aṣálẹ̀ kan tí ó fẹ̀ ju òkun náà lọ.

Ilé ni Púpa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà. Ọmọ ọdún méje ni. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà tí wọ́n ń bọ̀, pé bí àwọn bá ti rí ibi fìdí lé, àwọn yóò ránṣẹ́ wá mú un. Kí wọ́n tó rí ibi fìdí lé, ogun dé. Wọ́n ti pápá ọkọ̀ òfuurufú pa, wọ́n sì wó àwọn afárá. Ìyá àgbà kú. Aládùúgbò tí ó gba ọmọ náà sọ́dọ̀ pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

“Bí ẹ óò bá wá, ẹ má pẹ́,” ni ó wí. “Àwa náà ò mọ ibi tí a máa sá gbà.”

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pe fóònù rẹ̀, kì í wọlé.

Mẹkáníìkì kan tí ó jẹ́ ọmọ ìlú wọn ni ó sọ pé alùpùpù nìkan ló lè gba ọ̀nà oko kọjá níbi tí afárá ti já. Ó bá wọn wá ọ̀kan tí ó lágbára. Bàbá Púpa gbé e sí gáréèjì ẹ̀yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́.

Ìyá Púpa ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ ò ní í gun nǹkan yìí wọ aṣálẹ̀,” ni ó sọ. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mí bíi fèrè tó ti sán! Ṣebí dókítà ní eruku lọ̀tá yín?”

“Ṣé kí n wá jókòó síbí kí n máa wo ògiri ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí lo wá sọ?”

Ìyá Púpa kọjú sí fèrèsé.

Ikọ́ fée ti ń bá Bàbá Púpa fínra láti kékeré. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni ìyàwó òun ń sọ. Ó sì mọ ibi tí ẹ̀rù tó ń bà á ti wá. Alùpùpù ni bàbá ìyàwó rẹ̀ fi ń kó èrò jẹun, orí táńkì epo rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ń jókòó sí títí tó fi mọ̀ ọ́n gùn, alùpùpù yẹn náà ló sì pa bàbá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí náà, ó fi sùúrù dá gbogbo ìbéèrè rẹ̀ lóhùn.

“Bí ṣéènì bá já láàárín iyanrìn ńkọ́?”

Ọkọ tú ṣéènì, ó so ó padà lójú rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó náà dán an wò, kó lè rí i pé kò le. Ìyàwó dán an wò títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú.

“Kànga wo ni omi rẹ̀ ṣeé mu?”

Ọkọ fi wọ́n hàn án lórí máàpù.

“Bó bá ṣubú tòun tẹrù, ta ló máa bá yín gbé e?”

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kẹ́yìn sí i, tí wọ́n á fi agbára itan gbé e dìde.

Mẹkáníìkì ń wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. “Ọ̀gá,” ni ó wí, “àwọn aṣọ́bodè gan-an ò lè bi yín tó báyìí. Bí ẹ bá ti bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Púpa, ẹ ti délé nìyẹn.”

Nígbà tí wọ́n lọ gba físà àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lọ́nà, ìyàwó ní kí wọ́n gba tòun náà.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?” ni ọkọ béèrè.

“Bí nǹkan bá ṣe yín lọ́nà, ta ló máa wá gbé yín?”

Wọ́n gba ti àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, rédíò ní àwọn ọmọ ogun ti wọ ìlú tó múlé gbe ìlú Púpa. Bàbá Púpa lọ sí gáréèjì, ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbálẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń lé. Eruku ilẹ̀ gáréèjì lásán ló mú kó kúnlẹ̀, tí kò lè mí mọ́. Ìyàwó sáré gbé oògùn tó máa ń fà sẹ́nu wá, ó di orí rẹ̀ mú títí èémí fi padà.

“Ọmọ mi,” ni ó ń wí, omijé ń já bọ́ sí ọrùn ọkọ rẹ̀. “Ọmọ mi wà níbẹ̀ tòun nìkan.”

“Mo máa lọ,” ni ọkọ sọ. “Bó bá máa pa mí, kó pa mí.”

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó kò jiyàn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ló rọ epo kún un. Inú ọkọ dùn pé ó ti gbà.

Nígbà tí ìrìn àjò ku ọ̀la, Bàbá Púpa lọ ṣe iṣẹ́ àṣekẹ́yìn níbi tí ó ti ń tún ẹ̀rọ tí ń gbé èèyàn gun òkè ilé ṣe. Kí ó tó jáde, ìyàwó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún un, àwọn kan sunkún.

Ó ń fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ariwo afẹ́fẹ́ àti ti àwọn ọkọ̀ ńlá ni ó kọ́kọ́ gbọ́, kí ohùn Ìyá Púpa tó wọlé pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mo ti kọjá bodè àkọ́kọ́, alùpùpù náà ò sì yọ mí lẹ́nu rárá.”