Ohùn Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

"Bó o bá ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún á yípo bá wa lẹ́nu ẹ̀! Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Dì wọ́n pọ̀!" Àbdùlsàmàd ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ní iléeṣẹ́ fóònù kan ní àdúgbò Plateau, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé.

Onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń bá sọ̀rọ̀ gbà. Ó di mílíọ̀nù mẹ́ta ohùn kéékèèké tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ síra wọn pọ̀ lẹ́rù ńláńlá, wọ́n sì ń ṣàn láti inú sáfà àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú wọn, bọ́ sínú tuntun. Kó tó di ọ̀sán, ó ti parí.

"Ọ̀gá, ó ku ẹyọ kan tó kọ̀ tí kò lọ."

"Ẹyọ kan ṣoṣo? C'est rien, kò ṣe nǹkan kan. Pa á rẹ́."

Onímọ̀ náà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ḿbà ìyá rẹ̀ ni, tí wọ́n sin ní Abobo lóṣù tó kọjá. Òun gan-an ni ìyá náà fi ohùn ránṣẹ́ sí, lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí.

Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi, ara mi ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Má wulẹ̀ pè mí padà o. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ."