Àyè Nọ́ọ̀sì Tí Tíṣà Fún Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ ọ́, n kò sì ní fi oyin sí i.

1.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwé ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà dé etí Ìyá Oníke, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ìròyìn lòun gbé dání. Ọjọ́ kẹta tí ọmọ ilé ìwé méjìlá ti wọ bàálù lọ sí òkè òkun ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Oníke bí wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá ń to báàfù léra wọn ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé, tó ń béèrè iye korobá.

Ìyá Oníke wò ó bí ẹni tó rí òkú.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti dé ni?"

"Láti ibo, Màmá?"

"Òkè òkun. Ṣebí ẹ̀yin àti tíṣà lẹ jọ kó àwọn ọmọ lọ."

Nọ́ọ̀sì gbé korobá sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi kò kúrò nílùú. Tíṣà ní ẹ̀yin òbí lẹ sọ pé ẹ kò lè san owó tèmi."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ kú? A san owó yín. Àwa méjèèjìlá la pín in san."

Ta ló wá jókòó sí àyè nọ́ọ̀sì?

2.

Tíṣà yìí, Mo-Ti-Débẹ̀ làwọn ọmọ ń pè é. Kò sí ìlú tí ẹ máa dárúkọ tí kò ní sọ pé òun ti débẹ̀ rí. Níbi ìpàdé òbí kí wọ́n tó lọ, Ìyá Oníke dìde, ó ní èémí a máa há ọmọ òun, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí oògùn tó ń fín sẹ́nu.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Nọ́ọ̀sì ń bá wa lọ."

Ó wá gbé òfin kalẹ̀: oògùn gbogbo ọmọ, inú báàgì kan ni. Kí wọ́n kọ orúkọ sí i, kí wọ́n fi lé àgbà lọ́wọ́. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ mú tirẹ̀ dání. Òfin náà dára bí nọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tíṣà kò dé òkè òkun rí, owó sì ti wà nílẹ̀. Ló bá fi ìyàwó rẹ̀ sí àyè nọ́ọ̀sì, ó gbé báàgì oògùn lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà kò mọ oògùn èémí yàtọ̀ sí oògùn ẹ̀fọ́rí.

3.

Ìyá Oníke pe tíṣà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló ń tọ́jú àwọn ọmọ?"

"Ìyàwó mi ni. Ìyá ọlọ́mọ ni, Màmá."

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ fún ọmọ mi ní oògùn rẹ̀ kó fi sápò."

"Bí mo bá fún un, àwọn yòókù á béèrè tiwọn. Mo ti débẹ̀ rí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ó gé fóònù. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: wọ́n bẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn ọmọ gun ilé gogoro kan, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní igba, òtútù sì mú. Nígbà tí wọ́n dé àárín, Ẹlẹ́rìn-ín jókòó, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Tíṣà, oògùn mi."

Tíṣà pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ọjà ni obìnrin náà wà.

"Oògùn? Mo ti kó gbogbo ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ní òtẹ́ẹ̀lì. Mo fẹ́ fi báàgì yẹn kó bàtà."

Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló yá owó ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjọ.

4.

Nígbà tí wọ́n padà dé, tíṣà, ìyàwó rẹ̀ àti Ìyá Oníke jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé.

"Màmá, ọmọ kò kú," ni tíṣà wí. "Kí ló wá fa ariwo?"

"N kò tíì pariwo. Ohùn tí mo fi ń ta ike lẹ ń gbọ́ yẹn."

Ìyàwó tíṣà ní bàtà méjì péré lòun rà.

"Ẹ máa wọ̀ ọ́ o. Ọmọ mi lẹ fi rà á."

Ọ̀gá lé tíṣà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ní kó san gbogbo owó ilé ìwòsàn. Ilé ìwé mìíràn kò gbà á. Ó ta mọ́tò rẹ̀. Ó wá ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé, ó ń kọ́ ọmọ mẹ́ta ní ìṣirò. Àwọn tó ń kọjá á kí i pé, "Mo-Ti-Débẹ̀, ibo lẹ tún dé lónìí?"

5.

Oṣù mẹ́rìnlá ló fi san án, díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó mú èyí tó kù wá, Ìyá Oníke kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó pé," ló wí.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

Títí di ọjọ́ náà, "ẹ" ni Ìyá Oníke fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Owó lo jẹ mí, o sì ti san án. Ọmọ mi lo jẹ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Máa lọ."

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí wọ́n bá ní ẹnì kan ń bá ọmọ yín lọ, ẹ wá ẹni náà lọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ń ra korobá lọ́wọ́ Ìyá Oníke, Ìyá kò sì bi í rí bóyá ó ń lọ. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́, bí ẹ bá fẹ́ kí ìyàwó yín rí òkè òkun, ẹ fi owó yín gbé e lọ. Ẹ̀mí ọmọ kì í ṣe àyè tí ẹ lè yọ̀ǹda fún ẹbí. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.