Ebi ló ń pa àgbàdo Ìyá Oyèwùmí

Ẹ̀rọ asunko ti dúró sẹ́bàá oko Ìyá Oyèwùmí láti àárọ̀. Ó ya àwòrán ewé àgbàdo, ó ní àrùn ni, pé bó bá di ọ̀sán gangan òun yóò dáná sun oko náà. Dókítà ewéko tó gboyè ní yunifásítì nìkan ni òfin ní ó lè dá a dúró.

"Dókítà," ni ìyá náà wí fún Ìbídùn, "èmi ni mo ní kò síṣẹ́ nídìí ìwé ewéko tí o lọ kà. Jọ̀wọ́, má rántí ẹnu mi lónìí."

"Ìyá, mo ti gbàgbé," ni Ìbídùn fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìbídùn kúnlẹ̀ ti àgbàdo, ó kí i bí wọ́n ti kọ́ wọn lọ́dún kìíní ní yunifásítì: "Àgbàdo, ìwọ tó dá lọ sóko, tó kó igba ọmọ bọ̀ wálé, kí ló ń ṣe ọ́?"

Ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn, ṣùgbọ́n ewé tuntun tutù yọ̀yọ̀. Bó bá jẹ́ àrùn tí ẹ̀rọ náà wí ni, ewé tuntun ni ì bá kọ́kọ́ mú. Síbẹ̀, bí òun bá ṣì í, gbogbo oko àdúgbò ni yóò kó àrùn náà. "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n ṣì í," ló wí jẹ́jẹ́, ó sì tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ náà láti dá a dúró. Iná pupa rẹ̀ kú. Ẹ̀rọ náà yí padà, ó ń lọ bí àlejò tí wọn ò fún lóńjẹ.

"Ebi ni, Ìyá. Ajílẹ̀ ló ń wá."

Ìyá Oyèwùmí ti ń wá ṣọ́bìrì. "Ọlọ́run mà tóbi o. Ebi ń pa àgbàdo mi, ìgbẹ́ adìẹ sì kún ẹ̀yìnkùlé mi fọ́fọ́."