Kánsẹ́lọ̀ Tó Dárúkọ Aránṣọ

Kánsẹ́lọ̀ kan wà tí kì í jalè, tí kì í mutí, àmọ́ kò lè pa àṣírí mọ́. Ohun tí ẹ bá sọ fún un láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ẹni tí ẹ kò fẹ́ kó gbọ́ ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó kórìíra ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí òun kò mọ̀. Mo-ti-gbọ́ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Nígbà náà, ọkọ̀ kan ń dẹ́rù ba gbogbo àdúgbò. Típà akóyanrìn aláwọ̀ ewé ni. Eré burúkú ló fi ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá síwájú ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í dúró fún ọmọdé tó ń sọdá. Ó ti gbá olùkọ́ kan lórí kẹ̀kẹ́, ó sá lọ. Ẹ̀rù awakọ̀ rẹ̀ gan-an ju ti ọkọ̀ náà lọ, torí ẹni tó bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, yóò wá a délé.

Ìyá aránṣọ kan, opó, ní ṣọ́ọ̀bù ní igun ọ̀nà náà. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbá olùkọ́ yẹn. Ó yára fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sára aṣọ tó ń gé lọ́wọ́, ó gé ibẹ̀ yọ, ó sì mú un tọ kánsẹ́lọ̀ lọ.

"Kánsẹ́lọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Àmọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi jáde. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo ní láyé."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló parí sí."

Lóṣooṣù ni àwọn kánsẹ́lọ̀ máa ń bá ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó nínú yàrá kan ní tẹ́ṣàn, láti sọ ohun tó ń dun àwọn èèyàn wọn nípa ààbò àti ìrìnnà ọkọ̀. Ẹni tó bá wù ú lè wọlé wá gbọ́. Nígbà tó kan kánsẹ́lọ̀ wa, ó dìde, ó ka nọ́ńbà náà. 

"Ẹ ṣeun gan-an," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí. "Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí o. Tí a bá ṣetán, ẹ wá bá mi ní ọ́fíìsì."

Kánsẹ́lọ̀ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bóyá ojú oorun ló ti rí nọ́ńbà yẹn."

Ẹ̀rín kékeré yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. "Ojú oorun kẹ̀! Ìyá aránṣọ tó wà ní igun ló fojú ara rẹ̀ rí i! Àkọsílẹ̀ rẹ̀ rèé!" Ó na aṣọ náà sókè. Ọkùnrin kan dìde jẹ́ẹ́ lẹ́yìn yàrá, ó sì jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, típà náà dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ọ̀nà. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó kí Ìyá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Wọ́n ní ẹ mọ nọ́ńbà kọ dáadáa."

Ìyá dá máṣíìnì dúró. 

"Ọmọ yín ńkọ́? Aago méjì ló ń kúrò níbi iṣẹ́, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Kí aago méjì tó lù, Ìyá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti lọ mú ọmọ rẹ̀. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ọlọ́pàá mú awakọ̀ náà, wọn kò rí ẹlẹ́rìí, wọ́n sì tú u sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí kánsẹ́lọ̀ bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni àwọn ará àdúgbò ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. "Kò sí nǹkan kan o, Kánsẹ́lọ̀. Àlàáfíà ni." Ó gbé àlàáfíà yẹn lọ sípàdé, ó ń fi yangàn.

Nígbà tó yá, bíréèkì típà náà bàjẹ́. Mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe sọ fún awakọ̀, kò dá a lóhùn. Mẹkáníìkì bá sọ ọ́ sétí onígbàjámọ̀, onígbàjámọ̀ sọ ọ́ fáwọn olùkọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Kánsẹ́lọ̀ nìkan ni wọn kò sọ fún. N kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, kánsẹ́lọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sípàdé. Kò rí ẹnìkan lójú ọ̀nà. Ó rò pé wọ́n ń yà fún òun torí ọ̀wọ̀ ni, ó bá gba àárín títì. Ìgbà náà ló gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti orí òkè, fèrè tí kò dáwọ́ dúró. Ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà á débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti gbéra.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, onígbàjámọ̀ wá kí i.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kò ní bíréèkì?" ni kánsẹ́lọ̀ bi í.

"A mọ̀."

"Gbogbo yín? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Onígbàjámọ̀ wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kánsẹ́lọ̀, tí wọ́n bá bi yín pé ta ló sọ fún yín ńkọ́?"

Kánsẹ́lọ̀ yíjú sí ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ sí ìkáwọ́ yín, ẹ gbọ́. Ẹni tó sọ ohun tó rí fún yín ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbé ẹjọ́ dé iwájú ọlọ́pàá, àmọ́ ẹ pa orúkọ ẹni tó sọ ọ́ mọ́. Tí ẹ bá tà á nítorí kí wọ́n lè yìn yín, ẹnikẹ́ni kò ní kìlọ̀ fún yín mọ́, kódà lọ́jọ́ tí ewu bá dojú kọ ẹ̀yin fúnra yín.